ÌNÀKÍ TÍ Ó YÍ FỌ́Ọ̀KÌ PADÀ

(Ọ̀rọ̀ tí àwa nọ́ọ̀sì inú ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé àwọn ẹbí ní Scarborough)

  Alága ní kí àwa nọ́ọ̀sì inú ẹgbẹ́ wá sọ̀rọ̀ lórí fíìmù tí a jọ wò ní oṣù tó kọjá. A mọ̀ pé bí ẹ bá ti rí wa, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ni ẹ máa ń retí. Ẹ fọkàn balẹ̀, a kò gbé ẹ̀rọ ìwọn ẹ̀jẹ̀ ríru wá lónìí. Ọ̀rọ̀ ìnàkí ni a bá wá.

Fún àǹfààní àwọn tí kò sí níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù May ọdún 2024, fíìmù kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Kingdom of the Planet of the Apes. Àwọn ọmọ wa rọ́ lọ wò ó ní sinimá tó wà ní Scarborough Town Centre. Láti ìgbà náà ni ẹnu wọn kò ti sinmi: ìnàkí ń gun ẹṣin, ìnàkí ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Àwọn òbí kan ní kò sí ewu níbẹ̀. Àwọn mìíràn ní àwọn kò fẹ́ irú rẹ̀ nílé àwọn mọ́. Ẹgbẹ́ wá pinnu pé kò yẹ kí a máa dájọ́ ohun tí a kò fi ojú wa rí. A mú èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ tuntun náà, Rise of the Planet of the Apes ti ọdún 2011, a sì jọ wò ó nínú gbọ̀ngàn yìí, tọmọdé tàgbà.

Ìtàn náà ti pẹ́. Pierre Boulle, ará Faransé, ni ó kọ ọ́ sínú ìwé ní ọdún 1963. Amẹ́ríkà sọ ọ́ di fíìmù ní ọdún 1968, bàbá kan láàrin wa sì sọ pé òun wò ó nígbà ọ̀dọ́ òun ní Ìbàdàn. Nígbà náà, ènìyàn ni ó ń wọ ojú ìnàkí bí ẹni wọ ẹ̀kú, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ṣe nígbà tí Tim Burton tún un ṣe ní ọdún 2001. Ṣùgbọ́n ní ti ọdún 2011, kò sí ẹ̀kú, kò sì sí ìnàkí gidi kan níbẹ̀. Òṣèré kan tí ń jẹ́ Andy Serkis wọ aṣọ tó fún mọ́ ọn lára, wọ́n gbé kámẹ́rà kékeré kan sí iwájú ojú rẹ̀, kámẹ́rà náà sì ń gba bí ojú àti ẹnu rẹ̀ ṣe ń mì. Àwọn òṣìṣẹ́ Weta Digital ní New Zealand wá fi kọ̀ǹpútà ya ìnàkí lé e lórí. Ní Vancouver, ní ilẹ̀ Kánádà wa níhìn-ín, ni wọ́n ti ya ọ̀pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a gbọ́ nínú òkùnkùn ni ti ìyá àgbà kan: “Ta ló kọ́ ìnàkí yìí ní ẹ̀kọ́ tó báyìí?” Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọdébìnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kámẹ́rà náà fún wọn. Màmá mi orí wọn, wọ́n ní, “Ènìyàn ló wà nínú rẹ̀? Abájọ. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà.” A ti gbọ́ àlàyé púpọ̀ lórí fíìmù náà, a kò tíì gbọ́ èyí tó dára ju ti Màmá lọ.

Ní ṣókí, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, Will, ń wá oògùn àrùn ìgbàgbé tí ń bá bàbá rẹ̀ jà. Charles ni orúkọ bàbá náà. Ara àwọn ìnàkí tí wọ́n kó láti inú igbó ni ó ti ń dán oògùn náà wò. Ọ̀kan nínú wọn ya ìgboro, wọ́n sì yìnbọn pa á, ọ̀gá ilé iṣẹ́ sì pàṣẹ pé kí wọ́n pa àwọn tó kù. Ọmọ tí èyí tó kú ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ni Will gbé lọ sílé, wọ́n sì sọ ọ́ ní Caesar. Oògùn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti ara ìyá rẹ̀, nítorí náà ọgbọ́n rẹ̀ kọjá ti ẹranko.

Ẹni tó ṣe ọ̀gá ilé iṣẹ́ yẹn ni David Oyelowo, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tí a bí ní Oxford ní ọdún 1976, tí ó sì ṣe Martin Luther King lẹ́yìn náà nínú fíìmù Selma ti ọdún 2014. Ẹ rántí ariwo tí ẹ pa nígbà tí ojú rẹ̀ yọ: “Ọmọ wa ni o!” Ẹ tún rántí bí ariwo náà ṣe di ìkùnsínú nígbà tí ẹ rí i pé owó ni ọ̀gá náà fẹ́ràn ju ẹ̀mí lọ. Bàbá kan dìde, ó ní: “Ẹ ṣé o. Ẹni dúdú tí ipò rẹ̀ ga jù níbẹ̀, ẹni burúkú ni. Ìnàkí sì ni a ń káàánú. Ṣé ẹ gbàgbé pé ọ̀bọ ni wọ́n fi ń bú wa?”

Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn: “Dádì, wọ́n ti pè mí bẹ́ẹ̀ rí ní ilé ìwé. Mi ò kàn sọ fún yín ni.” Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́. Ó ti tó ọdún méjì tí ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ọmọ yìí, kò sì sí ẹni tó mọ̀ nínú ilé.

A kò sọ fún bàbá náà pé ó ṣàṣìwí, nítorí kò ṣàṣìwí. Ní ọdún 1906, ní New York, wọ́n mú ọkùnrin ará Kóńgò kan tí ń jẹ́ Ota Benga, wọ́n sì fi í sínú ilé ọ̀bọ ní ọgbà ẹranko Bronx kí àwọn ènìyàn máa wá wò ó. Àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú ni wọ́n fi ẹ̀hónú hàn tí wọ́n fi mú un kúrò. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní bínú sí bàbá tí ara rẹ̀ kò gba fíìmù ìnàkí. Ṣùgbọ́n ìyá ìbejì kan tún sọ ohun tó dùn mọ́ wa. Ó ní nílé bàbá òun, ẹdun kì í ṣe èébú. Ìbejì ni wọ́n ń pè ní ẹdun, wọn kì í sì í jẹ ẹran rẹ̀. Ẹranko kọ́ ni èébú, ẹnu tó fi í bú ènìyàn ni. Bàbá àti ọmọ jọ lọ sílé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní láti parí. Bí kò bá sí fíìmù yẹn, a kò mọ ìgbà tí ọmọ náà ì bá là á.

Nígbà tí ó di ibi tí olùṣọ́ kan ń fi ìyà jẹ Caesar nínú àgọ́ ẹranko, tí Caesar sì la ẹnu fún ìgbà àkọ́kọ́, tí ó kígbe pé “Rárá!”, kò sí ẹni tó tún jẹ gúgúrú mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ fún wa pé òun bá a kígbe nínú ọkàn òun. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, àwọn ọmọ kékeré béèrè ọ̀rọ̀ Charles mìíràn lọ́wọ́ wa, ìnàkí ńlá ti ọgbà ẹranko Toronto, tó wà ní Scarborough yìí. Wọ́n mú un wá láti Gabon ní ọdún 1974 nígbà tí ó wà ní kékeré, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú ní ọdún 2024. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti kó ọmọ lọ wò ó. Ohun tí àwọn ọmọ béèrè ni pé, “Ṣé òun náà fẹ́ sọ pé rárá rí?” A kò rí ìdáhùn fún wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀ nínú fíìmù náà, nítorí ibẹ̀ ni ohun tó gbé wa dìde lónìí wà.

Will jí oògùn gbé láti ibi iṣẹ́, ó gún bàbá rẹ̀ lábẹ́rẹ́. Ní ọjọ́ kejì, bàbá tí kò mọ ibi tí ó wà jókòó sídìí dùùrù, ó ń tẹ̀ ẹ́ geere. Ẹ pàtẹ́wọ́. Kí a má parọ́, àwa nọ́ọ̀sì náà pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, oògùn kò ràn án mọ́. Nídìí oúnjẹ àárọ̀, bàbá náà di fọ́ọ̀kì mú ní òdì, ó fẹ́ fi ìdí rẹ̀ jẹ ẹyin. Caesar na ọwọ́, ó rọra yí fọ́ọ̀kì náà padà sí i lọ́wọ́. Kò já a gbà, kò pariwo, kò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn èyí ni bàbá wọ ọkọ̀ aládùúgbò tí ó rò pé tirẹ̀ ni, tí ó sì fi kọlu ọkọ̀ mìíràn. Aládùúgbò ń fi ìka gún un láyà. Caesar fò sílẹ̀ láti ojú fèrèsé láti gbèjà rẹ̀, ìjà yẹn ló sì gbé e dé àgọ́. Àgbà kan nínú yín sọ ọ́ jáde pé, “Ìnàkí yìí mọ iyì àgbà.”

Nígbà tí a ń mú kóòtù wa láti lọ sílé, obìnrin kan fa ọ̀kan nínú wa sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ti fún wa láyè láti sọ ọ́, láìdárúkọ. Ó ní: “Àǹtí Nọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́ yẹn, níbo ni èèyàn ti lè rà á?” A fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín kí a tó rí ojú rẹ̀. Màmá rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Ohun tí ó sọ fún gbogbo wa ni pé Màmá ti padà sí Nàìjíríà. Bí ó bá ń lọ síbi iṣẹ́, yóò ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn, nítorí wọ́n ti jáde sínú yìnyín rí pẹ̀lú bàtà ilé. Ó ń bẹ̀rù kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ, kí a má sọ pé àjẹ́ ni wọ́n ń kà. Ó wá ní: “Lánàá, Màmá di ṣíbí mú ní òdì. Mo pariwo mọ́ wọn. Ẹ̀yin ẹ wá rí ohun tí ìnàkí ṣe.”

Ẹ̀yin ènìyàn wa, abẹ́rẹ́ yẹn kò sí. Alois Alzheimer, dókítà ará Jámánì, ni ó ṣàlàyé àrùn náà ní ọdún 1906, wọn kò sì tíì rí oògùn tó ń wò ó sàn títí di òní. Oògùn wà tí ń ran àwọn kan lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Lecanemab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 2023, máa ń dín ìyára rẹ̀ kù díẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè mú kí ọpọlọ wú tàbí kí ó ṣẹ̀jẹ̀, nítorí náà dókítà gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ẹni tó ń lò ó. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ta àgbo tàbí hóró oògùn fún yín pé yóò dá ọpọlọ àgbà padà, owó yín ni ó ń wá. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìgbàgbé ni àrùn yìí. Àìtó fítámì, àkóràn inú ìtọ̀, àìsàn ọrùn tí a ń pè ní táírọ́ìdì, ìbànújẹ́ tó jinlẹ̀, àní oògùn mìíràn tí wọ́n ń lò, lè da àgbà lọ́kàn rú, a sì lè tọ́jú wọn. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí dókítà tètè rí wọn.

Ẹ má sì sọ pé àrùn òyìnbó ni, tàbí pé àwọn ayé ló ṣe é. Láti ọdún 1992 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ogunniyi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Ìbàdàn ti bá àwọn ti Indiana ṣe ìwádìí láàrin àwọn àgbà Ìdíkàn ní Ìbàdàn àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Èsì tó jáde ní ọdún 2001 fi hàn pé nínú 1,000 àgbà tó ti lé ní ọdún 65, bíi 12 ni àrùn náà ń mú lọ́dún ní Ìbàdàn, bíi 25 ní Indianapolis. Ó kéré sí i lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ó wà. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n, wọ́n ní àgbà ń ṣarán. Wọn kì í ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn, nítorí ilé kún, ojú púpọ̀ ni ó ń ṣọ́ ọ. Ní Scarborough, ilé kò kún. Ohun tó yàtọ̀ nìyẹn.

Kí ni a ó wá ṣe? Ẹ yí fọ́ọ̀kì padà. Bí àgbà bá pe ọmọ ní orúkọ àbúrò wọn tó ti kú, ẹ má bá wọn jiyàn. Bí wọ́n bá béèrè ohun kan ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ẹ dáhùn. Ọ̀kan nínú àwa nọ́ọ̀sì tó ń ba yín sọ̀rọ̀ yìí máa ń fi sùúrù dá àwọn aláìsàn lóhùn níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá tirẹ̀ béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta lórí fóònù láti Ìjẹ̀bú, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, ó sì pa fóònù. Àwa náà ń kọ́ ọ ni. Ẹ má ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni láì sí ẹni tó dúró tì wọ́n, nítorí iná. Ẹ fi ẹ̀gbà tó ní orúkọ àti nọ́ńbà fóònù sí wọn lọ́wọ́. Bí àrùn náà bá ń le sí i, èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ nígbẹ̀yìn ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ sọnù, Yorùbá ni yóò kù. Ẹni tó bá lè jókòó fún wákàtí méjì kí ó bá wọn sọ Yorùbá ti ṣe iṣẹ́ tí oògùn kò lè ṣe. Ẹ wá kọ orúkọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa ṣáájú kí ẹ tó lọ. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu, ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo kò lè dá a ṣe.

Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mẹ́rin nínú wa ti ń pín ọjọ́ láàrin ara wa nílé obìnrin yẹn. Ìlẹ̀kùn kò tì mọ́. Màmá náà wà nínú gbọ̀ngàn yìí lónìí, a kò sì ní tọ́ka sí wọn. Bí ẹ bá ń lọ, tí ìyá àgbà kan bá kí yín lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ dá wọn lóhùn lẹ́ẹ̀mẹta.