ÌWÉ TÍ Ọ̀PỌ̀ ỌWỌ́ KỌ

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé sọ níwájú ìpàdé oṣooṣù ẹ̀ka wa

Bàbá Alága ni ó ní kí àwa Akọ̀wé wá sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí yóò ṣe ẹgbẹ́ ní àǹfààní. Ìwé mẹ́fà ni àwa kà. Ọjà ni ó kọ́ wa ní ìyókù. Nítorí náà, bí ẹsẹ̀ wa bá yọ̀ níbì kan, kí ẹ̀yin tí ẹ kàwé jù wá lọ fà wá lọ́wọ́ dìde.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù wa mọ̀ pé pátì mọ́tò ni a ń tà, ti ọkọ̀ ilẹ̀ Jàpáànì ni ó sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ní ọjọ́ kan oníbàárà kan wọlé, ó bá wa jiyàn. Ó ní òun rí ìwé kan tí wọ́n kọ Toyoda sí dípò Toyota, ó ní ayédèrú pọ́nńbélé ni. Àwa náà mi orí, a ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ni ó ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá," tí ó yọ fóònù rẹ̀, tí ó sì kà á sí wa létí pé Toyoda ni orúkọ ìdílé tí ó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní 1936 ni wọ́n yí orúkọ ọkọ̀ wọn sí Toyota. Bí a bá fi lẹ́tà ilẹ̀ wọn kọ ọ́, ìlà mẹ́jọ ni ọwọ́ yóò fà, mẹ́jọ sì jẹ́ iye oríire lọ́dọ̀ wọn. Ní 1937 ni wọ́n fi orúkọ náà dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀. Oníbàárà pa ẹnu mọ́, àwa náà pa ẹnu mọ́. Ó ti tó ogún ọdún tí a ti ń jẹun lára ọkọ̀ yìí, a kò mọ orúkọ ẹni tí ó ṣe é.

A bi ọmọ náà pé, "Ta ni ó kọ eléyìí? Ṣé àwọn tí ó ni ọkọ̀ ni?" Ó ní rárá, ó ní àwọn ènìyàn kan tí a kò sanwó fún ni ó kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn wa. A ní kí ó fi bí wọ́n ti ń ṣe é hàn wá, alẹ́ mélòó kan ni a sì fi jókòó tì í lẹ́yìn títi ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí a rí ni a fẹ́ sọ fún yín.

Ìwé náà ni Wikipedia, ìwé-ìmọ̀ ọ̀fẹ́ tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Jimmy Wales àti Larry Sanger ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní 2001. Ẹnikẹ́ni lè kà á, ẹnikẹ́ni sì lè kọ sínú rẹ̀. Èyí tí ó wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ti lé ní 6,000,000 àkọlé. Ti èdè Jàpáànì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2001 kan náà, ti lé ní 1,400,000.

Nínú ti èdè Gẹ̀ẹ́sì yìí, àwọn kan kó ara wọn jọ nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Jàpáànì nìkan. WikiProject Japan ni wọ́n pe àjọ wọn. Wọn kò dá owó ẹgbẹ́, wọn kò rán aṣọ, wọn kò sì yan alága. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá wọn ṣe é yóò fi orúkọ sílẹ̀, yóò sì mú iṣẹ́ jẹ. Àwọn mìíràn nínú wọn jẹ́ ọmọ Jàpáànì, àwọn mìíràn jẹ́ àlejò tí ó ń gbé ibẹ̀ bí àwa ti ń gbé ìlú yìí, àwọn mìíràn kò sì dé ibẹ̀ rí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ ojú ara wọn. Orúkọ ìnagijẹ ni wọ́n fi ń pe ara wọn. Síbẹ̀ iṣẹ́ ń lọ. Wọ́n ń yẹ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan wò, wọ́n sì ń fi í sí ipò bí tíṣà ti ń fi ọmọ sí kíláàsì. Èyí tí kò ju gbólóhùn mélòó kan lọ wà nísàlẹ̀ pátápátá. Èyí tí a ti gbé yẹ̀ wò ní gbangba, tí a kò rí àbùkù lára rẹ̀, ni ó wà lókè. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yóò mọ ibi tí iṣẹ́ kù sí, kò ní máa tún èyí tí wọ́n ti parí ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a mú ohun mẹ́ta nínú ìṣe wọn yẹ̀ wò.

Èkíní ni bí wọ́n ti ń kọ orúkọ. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní 1859, dókítà kan tí ó jẹ́ míṣọ́nnárì láti Amẹ́ríkà, James Curtis Hepburn, dé ilẹ̀ Jàpáànì. Ó ṣe ìwé atúmọ̀ èdè wọn, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1867, ọ̀nà tí ìwé rẹ̀ gbà fi lẹ́tà òyìnbó kọ èdè náà ni a sì ń fi orúkọ rẹ̀ pè títí di òní. Ọ̀nà yìí ni àjọ náà ń tẹ̀lé. Níbi tí ohùn bá ti gùn, wọ́n a fa ìlà sórí lẹ́tà. Ono jẹ́ orúkọ ìdílé kan, Ōno jẹ́ orúkọ ìdílé mìíràn. Bí a bá gbàgbé ìlà kékeré yẹn, a ti sọ ọmọ ọlọ́mọ di ọmọ ẹlòmíràn. Tokyo àti Osaka nìkan àti irú wọn, tí gbogbo ayé ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, ni wọ́n fi sílẹ̀ láìfa ìlà.

Ẹ̀yin ará, ní 1859 yẹn kan náà ni Henry Townsend tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta. Ajayi Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ṣáájú ti Hepburn. Ní 1875 àwọn àgbà pàdé ní Èkó lórí bí a ó ti máa kọ èdè wa. A kò kẹ́yìn nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé owó ẹgbẹ́ wa tí ó wà lórí tábìlì yìí. Àwa ni a kọ ọ́, àmì kan ṣoṣo kò sí nínú rẹ̀. Bí a bá kọ "owo" sílẹ̀ báyìí, ta ni yóò mọ̀ bóyá owó ni, tàbí òwò, tàbí ọwọ́, tàbí ọ̀wọ̀, tàbí ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀? Àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín, tí wọn kò gbọ́ ìró ilé, orúkọ bàbá bàbá wọn ni wọ́n ń kà bí orúkọ àjèjì.

Èkejì ni bí wọ́n ti ń tọ́jú ohun tí ó ti kọjá. Ìjọba Jàpáànì da ọ̀pọ̀ ìlú àti abúlé pọ̀ mọ́ ara wọn. Ní 1999 wọ́n lé ní 3,200. Ní 2010 wọn kò tó 1,750 mọ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún 2001, Urawa, Ōmiya àti Yono di ìlú kan ṣoṣo tí ń jẹ́ Saitama. Àjọ yìí kò pa orúkọ àwọn mẹ́ta náà rẹ́. Ìkọ̀ọ̀kan wọn ní ojú ìwé tirẹ̀, níbi tí a kọ ọ́ sí pé ìlú ni í tẹ́lẹ̀, ọjọ́ báyìí ni wọ́n dà á pọ̀ mọ́ àwọn yòókù. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ sọ fún pé, "Yono ni a bí mi sí," yóò rí i kà. Ẹ̀yin àgbà, mélòó nínú orúkọ tí àwọn bàbá wa fi pe àdúgbò ní Sábọ́n Gàrí yìí ni ọmọ ogún ọdún mọ̀ lónìí?

Ẹ̀kẹta ni ìjà, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa ń lọ. Àwọn òkúta kan wà nínú òkun láàrín Jàpáànì àti Kòríà. Takeshima ni ará Jàpáànì ń pè é, Dokdo ni ará Kòríà ń pè é, oníkálukú ní tòun ni. Gúúsù Kòríà ni ó ń ṣọ́ ọ lọ́wọ́lọ́wọ́. Nígbà tí ó di pé kí a fi orúkọ lé ojú ìwé náà, ìjà dé. Eléyìí kọ ọ́, tọ̀hún pa á rẹ́. Níkẹyìn, orúkọ ti Jàpáànì kọ́ ni wọ́n fi ṣe àkọlé, ti Kòríà kọ́ sì ni. Liancourt Rocks ni wọ́n pè é, nítorí ọkọ̀ apẹja àbùùbùtán kan ti ilẹ̀ Faransé tí ń jẹ́ Liancourt, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ forí sọ ibẹ̀ ní 1849. Nínú ojú ìwé náà, a kọ ohun tí Jàpáànì wí, a kọ ohun tí Kòríà wí, a sì sọ ibi tí a ti rí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Òfin wọn kò le. Ẹni tí ó bá sọ ọ̀rọ̀ tí a lè bá a jiyàn lé lórí gbọ́dọ̀ fi ìwé tí a ti tẹ̀ jáde gbè é lẹ́sẹ̀. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀yìnkùnlé tirẹ̀ níbi tí a ti ń jíròrò. Ibẹ̀ ni a ti ń tahùn sí ara wa, kì í ṣe lójú àlejò tí ó wá kàwé. Ẹni tí ó bá dá iṣẹ́ ẹlòmíràn padà ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàrín wákàtí 24, wọ́n lè ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀ kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Iye orí kọ́ ni wọ́n fi ń parí ọ̀rọ̀, àlàyé tí ó fìdí múlẹ̀ ni. Ohun tí a bá sì pa rẹ́ kò sọnù, nítorí gbogbo àtúnṣe ni ó wà nípamọ́ pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tí ó ṣe é. A kò ní àṣìṣe kò sí níbẹ̀ o. Òpùrọ́ ń wọlé, irọ́ mìíràn sì ń pẹ́ kí wọ́n tó rí i. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àtúnṣe ṣí sílẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a fi àbọ̀ sí ilé. Ẹ mọ̀ pé àga kan ṣófo níwájú wa lónìí. Bàbá tí ó máa ń jókòó síbẹ̀ kò wá láti ìgbà tí a ti pín ìwé ètò àjọ̀dún wa. Nínú ìwé náà, a kọ ọ́ pé bàbá ẹnìkan báyìí ni ó ra ilẹ̀ gbọ̀ngàn yìí fún ẹgbẹ́. Àwọn ọmọ ìdílé kejì bínú, wọ́n ní owó bàbá tàwọn wà níbẹ̀. Àwọn kan sọ pé àwọn aláìmoore ni wọ́n. Àwa Akọ̀wé dákẹ́ nígbà náà. Lónìí a fẹ́ sọ ọ́ níwájú gbogbo yín: àwa ni a kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹnu ẹnìkan ṣoṣo ni a ti gbọ́ ọ. A kò bi ìdílé kejì, a kò sì wo ìwé kankan. Nígbà tí a wá ṣí àpótí láti wo ìwé ìpàdé àtijọ́, ikán ti jẹ ojú ewé tí orúkọ àwọn tí ó dá owó wà. Orúkọ mẹ́rin ni a ṣì lè kà. Ó hàn pé wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀bi wa ni. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìdílé méjèèjì àti lọ́wọ́ ẹgbẹ́.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ àwọn ará Jàpáànì fi wọ̀ wá lára nìyí. Àwọn tí ń kọ nípa ilẹ̀ wọn ní ibi tí wọ́n lè fà yọ. Láti 1948 ni ilé-ìkàwé ńlá ti Ìgbìmọ̀ Aṣòfin wọn ti wà, òfin sì ní kí ẹni tí ó bá tẹ ìwé ní ilẹ̀ náà fi ẹ̀dà kan síbẹ̀. Àwa ńkọ́? Wikipedia wà ní èdè Yorùbá náà, ó ti lé ní 30,000 àkọlé, àwọn ọmọ wa sì ń kọ sínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ kọ nípa àwa ọmọ Yorùbá tí ń bẹ ní Òkè Ọya, wọn yóò bi í pé, "Ìwé wo ni o ti rí i?" Ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà nìkan kò tó lọ́dọ̀ wọn. Bí a kò bá tẹ̀ ẹ́, a dà bí ẹni tí kò gbé ìlú yìí rí.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni a fi síwájú ìpàdé. Kí a yan ènìyàn márùn-ún, lọ́kùnrin lóbìnrin, láti ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí yóò kọ ìtàn ẹ̀ka wa. Kí wọ́n máa lọ bá àwọn àgbà nílé, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí ó sọ̀rọ̀ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́, kí wọ́n sì fi àmì sórí gbogbo orúkọ. Kí a máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ sínú ìwé ìròyìn ẹ̀ka yìí, kí a sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-ìkàwé. Ìwé kékeré ni tiwa, ó lè má tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, níbi tí ìdílé méjì bá ti sọ ohun méjì, kí a kọ méjèèjì sílẹ̀ bí olúkúlùkù ti wí i, kí a sì fi ohun tí ìwé wí sí i. Lórí ilẹ̀ gbọ̀ngàn yìí, ohun tí a ó tẹ̀ nínú ìwé tí ń bọ̀ ni pé ẹgbẹ́ ni ó rà á. A ó kọ orúkọ mẹ́rin tí ikán fi sílẹ̀ fún wa, a ó sì fi àyè sílẹ̀ fún àwọn yòókù.

Lẹ́yìn ìpàdé yìí, àwa fúnra wa ń lọ sí ilé bàbá tí àga rẹ̀ ṣófo. A ó mú bíírò àti ìwé lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá wa lọ, kí ó dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.