Owú Inú Erùpẹ̀: Bí A Ṣe Ń Dá Irin Àgbẹ̀dẹ Àtijọ́ Mọ̀

    

Ọ̀rọ̀ irin kan ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ awo wa ni ó hú u níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ yàrá ní ẹ̀yìnkùlé bàbá ńlá rẹ̀. Irin náà wúwo. Orí rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ sì ṣóńṣó. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n nínú ẹbí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ń ra irin àlòkù. Àbúrò rẹ̀ ní kí wọ́n gbé e jù sígbó nítorí ẹ̀rù. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, kíá ni àwa náà ní, "Ògún ni, ẹ bu epo sí i." A kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò tí a fi sọ̀rọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀kọ́ tí olúwo wa kọ́ wa nígbà tí a ń kọ́ Ifá wá sí wa lọ́kàn. Ojú mẹ́jọ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní. Ẹni tí ó bá wo méjì péré tí ó sì pe orúkọ odù, ó purọ́ mọ́ Ifá. Ní òwúrọ̀, a ní kí wọ́n dá epo dúró, a sì gbé irin náà lọ bá àgbà alágbẹ̀dẹ kan.

Bàbá náà kọ́kọ́ wá ihò èèkù, kò sí. Ó wo àárín rẹ̀: bí ó bá jẹ́ irin tí a ń fi ọwọ́ dì mú lu iṣẹ́, ibẹ̀ ìbá ti dán, kò dán. Ó wo orí rẹ̀: ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó jin díẹ̀ láàárín, etí rẹ̀ sì ti tẹ̀ síta bí etí olú. Ó wo ìdí rẹ̀: ìlà kan yí i po, ìpẹtà ìsàlẹ̀ ìlà náà sì yàtọ̀ sí ti òkè. Ó wá ní, "Awo, owú ni. Inú ìtì igi ni wọ́n rì í mọ́. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń gbé irin gbígbóná lé."

Ẹ fi etí sí orúkọ náà. Irin tí a ń gbé iṣẹ́ lé ni owú. Èyí tí a fi ń lu iṣẹ́ ni ọmọ owú. Síbẹ̀, ní àgbẹ̀dẹ mìíràn, irin ńlá àfọwọ́lù ni wọ́n ń pè ní owú, orí òkúta líle ni wọ́n sì ti ń lu iṣẹ́. Nítorí náà, orúkọ nìkan kò tó. Ara irin ni ẹlẹ́rìí. Alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Àpá ojú kan náà ni ó sì sọ̀rọ̀ fún wa.

A padà sí ẹ̀yìnkùlé, a rọra tún ibẹ̀ wà, ìdàrọ́ sì jáde. Ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́ yàrá sí, àgbẹ̀dẹ bàbá wọn ni. Ẹ̀gbọ́n dá owó padà lọ́jọ́ náà.

Ẹnìkan bi wá pé, bí ó bá jẹ́ irinṣẹ́, ṣé kì í ṣe Ògún mọ́? Ní ààfin Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀, irin ńlá kan wà ní ojúbọ Ògún Ládìn. Ìtàn Ifẹ̀ so ó mọ́ Ládìn, alágbẹ̀dẹ Odùduwà. Iṣẹ́ àti ìbọ kò ya ara wọn. Ọ̀pá òsùn tí awo ń dì mú, àgbẹ̀dẹ náà ni a ti rọ ọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí irú irin bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe fi nǹkan ha á, ẹ má ṣe kùn ún lọ́dà. Ẹ gbé e síbi gbígbẹ. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i àti ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ bi àgbà alágbẹ̀dẹ nígbà tí ẹ̀mí rẹ̀ ṣì wà. Ẹ má sì jẹ́ kí ó sọdá ẹnubodè: òfin Nàìjíríà ti ọdún 1979 kò gba kí a kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde láìgba ìyọ̀ǹda.

Lẹ́yìn tí a mọ̀ ọ́n tán ni a tó fi obì àti ẹmu bọ Ògún níbẹ̀, a sì tọrọ àforíjì fún ìkánjú ẹnu wa. Kí Ifá má jẹ́ kí a ta ohun tí ó bí wa. Ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ ọdún. Àbọrú, àbọyè.