Bí Ìka Ṣe Ń Yára Lórí Fèrè

Okun o, ẹ̀yin òǹwòran wa. Ìkíni yìí ni wọ́n fi ń pe àwa ará Kàbà àti àwọn aládùúgbò wa.

Ẹ̀sùn kan ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò lónìí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń fun rẹ̀kọ́dà, fèrè oníhò mẹ́jọ tí a ń lò ní ilé-ìwé, tí orin wá yá, tí ìka rẹ̀ ń kọ lu ara wọn, a máa ń sọ pé ìka rẹ̀ le. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí fún ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ní Kàbà. Ọmọ náà gbé fèrè sílẹ̀, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé irọ́ ni mo pa mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ó ti kọsẹ̀. Láti ohùn B bọ́ sí C, ìka ìlábẹ̀ ọwọ́ òsì gbọ́dọ̀ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà tí ìka àárín ń bo ihò tirẹ̀. Bí ìka àárín bá fi díẹ̀ ṣáájú, A tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè ni a óò gbọ́.

Ẹnu wa mọ irú iṣẹ́ yìí. Bí a bá pe gb nínú ‘ìgbàgbọ́’, ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni. A kì í pe g tán kí a tó pe b. Ọmọdé a máa ṣì í pè, a kì í sì í torí rẹ̀ sọ pé ahọ́n rẹ̀ le.

Nítorí náà, ohùn méjì péré ni kí akẹ́kọ̀ọ́ mú, kí ó máa lọ kí ó máa bọ̀ láàárín wọn, ní pẹ̀lẹ́ tí etí fi lè gbọ́ àṣìṣe. Kí ó kọ́kọ́ ṣe é láìfun fèrè rárá, kí ó máa wo ìka rẹ̀ nínú dígí. Ìka kò gbọdọ̀ fò jìnnà sí ihò, nítorí ọ̀nà jíjìn ni í mú un pẹ́. Bí ojú ihò bá sì tẹ̀ jinlẹ̀ sí ara ìka, ó ń tẹ̀ ẹ́ jù. Ìka òrùka ni kí a ní sùúrù fún jù lọ. Iṣan ló so ó mọ́ àwọn ìka tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ó bá gún lẹ́ẹ̀mẹta léra, kí a tó fi ìyára díẹ̀ kún un.

Ẹnìkan lè ní, Fẹlá ńkọ́? Lóòótọ́, nígbà tí Igo Chico fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1973, Fẹlá fúnra rẹ̀ gbé saksofóònù, ó sì ń fun ún láìpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó ti fun tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì fún ọ̀pọ̀ ọdún, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo mú rẹ̀kọ́dà kan wá. N óò fun B àti C náà fún yín báyìí. Ẹ fetí sílẹ̀ fún A tí yóò fẹ́ yọjú.