RỌ́BÀ KÉKERÉ TÍ Ó GBÉ ỌKỌ̀ RÓ

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹ̀ka Kàdúná bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù

  Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní kí n sọ ohun tí yóò ràn wá lọ́wọ́ kí ìrìnàjò ilé ti ìparí ọdún tó dé. Bóyá ọ̀pọ̀ nínú yín ń retí ọ̀rọ̀ lórí owó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ kò tóbi ju ìkúùkù ọmọdé lọ. Rọ́bà kan ni, tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní búṣìn.

Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì. Aṣọ ni mò ń tà, ìwé mẹ́fà ni mo sì kà. Ṣùgbọ́n Peugeot 504 ni mo fi ń kó ọjà, mo sì ti pààrọ̀ búṣìn rẹ̀ lẹ́yìnkùlé mi, níṣojú ọ̀gá mẹkáníìkì kan tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dájú. Gbogbo ohun tí ó fi hàn mí ni mo kọ sílẹ̀ bí mo ti ń kọ ìwé ìpàdé yìí. Òun ni mo mú wá fún yín.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ FI KÀN WÁ

Ìlú Peugeot ni Kàdúná. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1972 ni Ìjọba Àpapọ̀ bá ilé iṣẹ́ Peugeot ti Faransé ṣe àdéhùn, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 1975, ilé iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ sí Kakuri níhìn-ín bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀. Ọkọ̀ 504 yìí kì í ṣe ọkọ̀ yẹpẹrẹ. Ọdún 1968 ni ó kọ́kọ́ jáde, ní ọdún 1969 wọ́n sì yàn án ní ọkọ̀ ọdún náà ní Yúróòpù. Faransé dáwọ́ dúró lórí èyí tí ó jẹ́ ọkọ̀ ilé ní 1983, ṣùgbọ́n Kàdúná ń tò ó pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ìdí nìyẹn tí ó fi kún àárín wa títí di òní, tí ẹ̀yà ara rẹ̀ kò sì ṣòro rí ní Panteka.

Ẹ wo ohun mìíràn. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, àti láti oṣù kẹfà ọdún kan náà tí wọ́n jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà, ẹni tí ó ń rò láti ra ọkọ̀ tí ó sàn jù ti gba kámú, ó ń tún èyí tí ó ní ṣe. Ọkọ̀ wa ń dàgbà lọ́wọ́ wa. Rọ́bà inú rẹ̀ sì ń dàgbà pẹ̀lú, àní bí ọkọ̀ náà bá dúró gedegbe nínú ọgbà. Oòrùn àti ooru ń mú un gbẹ, yóò le, yóò sì sán.

Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù. Ọ̀nà tí àwọn bàbá wa ń gbà lọ sílé, tí ó gba Birnin Gwari kọjá sí Tẹgina, Mọ́kwà àti Jẹ́bà, ọ̀pọ̀ wa ti ń yẹra fún un nítorí àwọn ajínigbé. Àbújá ni a ń gbà, kí a tó kọjá sí Lọ́kọ́já, Kábbà, Ọmù-Àrán, kí a tó dé Ìlọrin. Ọ̀nà náà gùn jù ti àtijọ́ lọ, òun náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ẹ rántí pé ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2022, ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, ọkọ̀ tí ó bá yarọ sínú igbó lónìí, kì í ṣe ọ̀ràn owó nìkan. Ìyàwó àti ọmọ ni ó wà nínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

OHUN TÍ BÚṢÌN JẸ́

Ọwọ́ irin kan ni ó so ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́ ara ọkọ̀, tí wọ́n ń pè ní áàmù. Bí táyà bá bọ́ sínú kòtò, áàmù yóò lọ sókè, yóò tún padà wá sísàlẹ̀. Bí irin bá kan irin níbi oríkèé náà, wọn yóò jẹ ara wọn run láàárín oṣù díẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi rọ́bà sí àárín. Páìpù irin kékeré kan wà nínú, páìpù ńlá kan wà lóde, rọ́bà sì lẹ̀ mọ́ àwọn méjèèjì.

Ẹ fi etí sí èyí, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé. Páìpù inú kì í yí. Bóòtì ti dì í mọ́ ara ọkọ̀ pinpin. Rọ́bà fúnra rẹ̀ ni ó ń lọ́ díẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá lọ sókè, tí ó sì ń tú padà bí ẹsẹ̀ bá sọ̀kalẹ̀.

BÍ A TI Ń MỌ̀ PÉ Ó TI JẸ

Ẹ ó gbọ́ kó-kó-kó lábẹ́ ọkọ̀ bí ẹ bá gun orí gegele. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, ọkọ̀ yóò fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lójú ọ̀nà tí ó tẹ́jú, sítíárìn kò ní dúró sójú kan, yóò máa rìn bí ẹni tí ó mu ẹmu. Táyà yóò máa jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ó sì máa ra táyà tuntun láìmọ̀ pé táyà kọ́ ni ó ṣẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tìtorí ariwo nìkan ra búṣìn. Ṣọ́ọ̀kì tàbí bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì lè ké bákan náà. Ẹ fi irin gígùn kan sí àárín áàmù àti ara ọkọ̀, kí ẹ fi rọra gbé e. Bí ó bá ń mì lọ mì bọ̀ láìní ìdákọ́, tàbí tí ẹ rí i pé rọ́bà ti sán, tàbí pé páìpù inú ti kúrò ní àárín, ó ti tán.

RÍRÀ

Ẹ mú ògbólógbòó lọ sọ́jà kí ẹ fi wé tuntun, ní gígùn àti ní fífẹ̀. Ẹ fi èékánná tẹ rọ́bà rẹ̀, kí ó padà sípò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo ibi tí rọ́bà ti lẹ̀ mọ́ irin, kí ó má ṣe sí àlàfo. Irin tòkunbọ̀ lè dára, ṣùgbọ́n rọ́bà tòkunbọ̀ ti gbó kí ó tó dé ọwọ́ yín. Ọ̀tún àti òsì ni kí ẹ rà, nítorí ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

ṢÍṢE É NÍLÉ

Èkíní ni ààbò. Orí ilẹ̀ líle tí ó tẹ́jú ni kí ọkọ̀ dúró sí, kí í ṣe orí iyanrìn. Ẹ fa hánbíréèkì, ẹ fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ tú nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀ kí ẹ tó gbé ọkọ̀ sókè. Jáàkì wà fún gbígbé ọkọ̀ sókè, kò wà fún dídì í mú. Ẹsẹ̀ irin tí wọ́n ṣe fún un ni kí ẹ gbé sábẹ́ ibi tí ó lágbára lára ọkọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má lo bulọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì, nítorí pé ó lè fọ́ lójijì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Táyà tí ẹ yọ, ẹ tì í sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú. Ẹ fi ọwọ́ mi ọkọ̀ náà kí ẹ tó wọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹnì kan sì wà nítòsí.

Èkejì, láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ni kí ẹ ti da epo tí ń tú ìpata sórí àwọn bóòtì. Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì funfun tí tíṣà fi ń kọ̀wé sàmì sí bí ohun gbogbo ti jókòó, tàbí kí ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀. Ẹ kó àwọn bóòtì sínú abọ́ bí wọ́n ti tẹ̀lé ara wọn. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan sípíríǹgì tí ó wà lára ṣọ́ọ̀kì iwájú. Agbára tí ó ká mọ́ inú rẹ̀ lè pani. Ti ọ̀gá mẹkáníìkì nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni yíyọ ògbólógbòó. Ẹ fi áàmù sínú fáìsì pẹ̀lú páìpù méjì. Ọ̀kan fẹ̀ tó láti gba búṣìn sínú, èkejì fi díẹ̀ kéré sí páìpù òde rẹ̀, òun ni yóò tì í jáde. Ẹni tí kò ní fáìsì lè lo bóòtì gígùn kan àti nọ́ọ̀tì, kí ó máa fi sípánà fún un títí tí yóò fi jáde. Àwọn kan a máa dáná sun rọ́bà náà. Èéfín rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, iná sì lè ba agbára irin áàmù jẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni wíwọ tuntun. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì irin nu ojú ihò mọ́. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi pa á kí ó lè yọ̀ wọlé, kí í ṣe gíríìsì tàbí epo ẹ́ńjìnì. Epo ń jẹ rọ́bà, yóò wú, yóò sì rọ̀. Páìpù òde ni kí ẹ máa tì, ẹ má ṣe lu rọ́bà tàbí páìpù inú.

IBI TÍ Ọ̀PỌ̀ TI Ń ṢÌNÀ

Ẹ dá áàmù padà, ẹ fi bóòtì sí i, ṣùgbọ́n ẹ má ì tíì fún un tán. Ìwọ̀nba tí kò ní jẹ́ kí ó mì ni. Ẹ dá táyà padà, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró, ẹ tẹ imú rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin kí ó lè jókòó dáadáa. Ìgbà náà ni kí ẹ wá fún bóòtì dé ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ sọ. Bí ọwọ́ yín kò bá tó o nílẹ̀, ẹ rọra wa ọkọ̀ lọ sórí kòtò mẹkáníìkì tí ó wà nítòsí.

Kí ni ìdí rẹ̀? Bí ọkọ̀ bá wà lórí jáàkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀. Bí ẹ bá dè é níbẹ̀, ibẹ̀ ni rọ́bà yóò gbà pé ilé òun wà. Nígbà tí ọkọ̀ bá sọ̀kalẹ̀, rọ́bà yóò lọ́, yóò sì wà ní lílọ́ tọ̀sán tòru, àní bí ọkọ̀ bá dúró. Kòtò kékeré ni yóò fà á ya. Wọ́n ti ṣe èyí fún èmi náà rí, ní ibi iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Búṣìn tuntun náà kò lò tó oṣù mẹ́rin, wọ́n sì sọ fún mi pé ọjà ayédèrú ni mo rà. Rọ́bà náà kò ní ẹ̀bi kankan. Orí jáàkì ni wọ́n ti dè é. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ yín fún ẹlòmíràn, ẹ dúró tì í, kí ẹ sì fi ọ̀wọ̀ bi í pé: "Ọ̀gá, ṣé ilẹ̀ ni ẹ ó ti fún un tán?"

Búṣìn mìíràn wà tí kò ní rọ́bà tí ó lẹ̀ mọ́ irin. Ìlànà ìwé ọkọ̀ yín ni kí ẹ tẹ̀lé fún irú èyí. Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ wà á jẹ́jẹ́ káàkiri ìgboro, ẹ tún àwọn bóòtì wò, kí ẹ sì lọ bá àwọn tí ń to ẹsẹ̀ ọkọ̀ kí wọ́n tún un tò.

OHUN TÍ MO BẸ̀ LỌ́WỌ́ ẸGBẸ́

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Ẹsẹ̀ irin méjì àti fáìsì kan wọ́n fún ẹnì kan, ṣùgbọ́n kò wọ́n fún ẹgbẹ́. Mo dábàá pé kí a rà wọ́n láti inú àpò ẹgbẹ́, kí wọ́n wà nínú gbọ̀ngàn wa, kí akápò máa kọ orúkọ ẹni tí ó bá yá wọn. Kí a sì ya Sátidé kan sọ́tọ̀ ní oṣù kọkànlá, kí gbogbo ọkọ̀ tí yóò lọ sílé wá, kí àwọn ọmọ wa tí ó mọ iṣẹ́ mẹkáníìkì yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, kí a sì sanwó wọn. Kí àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ dúró tì wọ́n kí wọ́n kọ́ ọ. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ nínú wa náà, ọkọ̀ ẹlòmíràn ni yóò wọ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, àwa tí a ń gbé láàárín àwọn ènìyàn tí kì í ṣe ará ilé wa mọ ohun tí rọ́bà yìí ń ṣe. Ó wà láàárín irin méjì, ó ń gba ìlù ti ọ̀tún àti ti òsì, kò sì jẹ́ kí wọ́n jẹ ara wọn. Ohun tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí a gbàgbé rẹ̀ títí yóò fi já.

 A ó lọ ire, a ó bọ̀ ire, ọ̀nà kò ní dí mọ́ wa o.