Ilẹ̀ Ni À Ń Kọ́kọ́ Wò Sàn

Ọ̀rọ̀ ìlanilọ́yẹ̀ fún àwọn ọmọ Yorùbá tí yóò dìbò ní Òkè Ọya



Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ onílẹ̀ a máa tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, àjèjì a máa tẹ̀ ẹ́ bàsùbàsù. Òwe yìí kan gbogbo ọmọ Yorùbá tí ó fi Òkè Ọya ṣe ibùgbé. Ẹni tí ó ti bímọ sí ìlú kan, tí ó ń mu omi kànga ibẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé àwọn olùdìbò ibẹ̀, kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ náà mọ́. Ohun tí ó bá ba ilẹ̀ náà jẹ́ yóò kan ọmọ rẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010 fi èyí hàn gbangba. Wúrà ti di ọ̀wọ́n nígbà náà, àwọn ará abúlé sì ń wa òkúta wúrà láti fi kún ohun tí oko ń mú wọlé. Wọ́n ń gbé òkúta náà wá sí àgbàlá, wọ́n ń fi ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ọkà lọ̀ ọ́, wọ́n sì ń fi omi ṣàn án. Wọn kò mọ̀ pé òjé pọ̀ nínú rẹ̀. Eruku rẹ̀ bà sórí ilẹ̀, sórí ẹní àti sínú oúnjẹ. Àwọn ọmọdé tí ń rákòrò, tí ń fi ọwọ́ sẹ́nu, ni ó ṣe léṣe jù. Òjé a máa ba ọpọlọ jẹ́. Gìrì bẹ̀rẹ̀ sí mú wọn. Ní Dareta àti Yargalma, nǹkan bí ọmọ kan nínú mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 5 ni ó kú láàárín ọdún kan. Ní gbogbo agbègbè náà, àwọn ọmọ tí ó kú lé ní 400.

Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú bí a ṣe wò wọ́n. Àwọn dókítà ẹgbẹ́ Médecins Sans Frontières mú oògùn tí ń fa òjé jáde kúrò nínú ara wá. Ṣùgbọ́n oògùn náà kò lè gba ọmọ tí yóò padà sí àgbàlá tí òjé kún. Ilẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò sàn. Wọ́n ha erùpẹ̀ olóró kúrò ní ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ níbi tí ó jìnnà sí ilé, wọ́n sì fi erùpẹ̀ tí ó mọ́ rọ́pò rẹ̀. Wọ́n fọ abúlé 7 mọ́ báyìí, ó wá ku Bagega, tí ó tóbi ju àwọn yòókù lọ. Ìjọba àpapọ̀ ṣèlérí 850 mílíọ̀nù náírà ní ọdún 2012, ṣùgbọ́n owó náà kò jáde títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013. Oògùn wà, dókítà wà. Owó ni àwọn ọmọ Bagega ń dúró dè.

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí ilé, kí ó wo odò Ọ̀ṣun. Ìwakùsà wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti sọ omi rẹ̀ di pípọ́n bí amọ̀, bẹ́ẹ̀ odò náà ni ó ń ṣàn gba inú igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo, tí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2005. Ohun tí ó bá ojú, ó bá imú.

Kò sí ẹni tí ó ní kí tálákà má wá wúrà. Bí a bá ń fi omi rin òkúta kí eruku má baà sọ, tí ibi ìlọ̀ sì jìnnà sí ilé àti kànga, ewu náà yóò dín kù. Ẹni tí yóò mójú tó èyí ni ó yẹ kí òǹdìbò máa wá.

Òfin fi ọ̀rọ̀ ìwakùsà sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀. Nítorí náà, kí a bi àwọn tí ń lọ sí Abuja léèrè pé ta ni yóò máa ṣọ́ àwọn ibi ìwakùsà. Kí a bi àwọn tí ń du ipò gómìnà àti alága ìjọba ìbílẹ̀ léèrè nípa kànga, ilé ìwòsàn àti ààtàn. Kí a béèrè iye owó tí wọn yóò ná àti ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀. Ìlérí tí a kò tètè mú ṣẹ, Bagega ti rí irú rẹ̀ rí.

Kí olúkúlùkù gba káàdì ìdìbò rẹ̀, kí ó béèrè ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní gbangba kí ọjọ́ ìdìbò tó pé, kí ó sì fi ìbò rẹ̀ fún ẹni tí ó bá fún un ní ìdáhùn tí ó yè kooro. Ilẹ̀ tí àwọn ọmọ wa ń tẹ̀ kò ní di májèlé fún wọn o.