Ìṣègùn Ayurveda àti Ilé Ìwòsàn: Kí Aláìsàn Má Fi Oògùn Pamọ́
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé wọn)



Àwọn àgbà wa a máa wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń gbe ara wọn lẹ́sẹ̀ bí wọ́n bá ń lo oògùn ìbílẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ilé ìwòsàn. Òtítọ́ ni òwe náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń lo oògùn méjì lẹ́ẹ̀kan náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé inú ara kan ṣoṣo ni méjèèjì ti ń pàdé. Orílẹ̀-èdè Íńdíà ni mo fẹ́ kí a wò lónìí, nítorí pé níbẹ̀ ni ìṣègùn ìbílẹ̀ tí à ń pè ní Ayurveda ti ń bá ìṣègùn òde-òní gbé pọ̀ lábẹ́ òfin.

Kí ni Ayurveda? Ní èdè Sanskrit, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìmọ̀ nípa ìyè. Ìwé Charaka àti ìwé Sushruta jẹ́ òpó fún un láti ayébáyé. Vaidya ni wọ́n ń pe oníṣègùn rẹ̀. Ẹ̀kọ́ wọn ni pé agbára mẹ́ta ni ó ń darí ara: vata, pitta àti kapha, bí wọn kò bá sí ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni àìsàn ń dé. Nítorí náà, vaidya a máa bèèrè nípa oúnjẹ, oorun àti ìṣesí aláìsàn kí ó tó fún un ní ewé tàbí egbò. Ní 1970, ìjọba Íńdíà ṣe òfin láti máa mójú tó ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ wọn. Ọdún márùn-ún ààbọ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gba oyè àkọ́kọ́. Ní 2014, ìjọba dá ilé-iṣẹ́ mínísítà kan sílẹ̀ fún àwọn ìṣègùn ìbílẹ̀.

Ẹ̀yin ará, Mùsùlùmí kan wà lára àwọn tí ó la ọ̀nà yìí: Hakim Ajmal Khan ti ìlú Delhi (1868–1927). Ìṣègùn Unani, tí àwọn Mùsùlùmí mú wọ Íńdíà, ni ìdílé rẹ̀ ń ṣe. Síbẹ̀, nígbà tí ó dá kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀, Ayurveda àti Unani ni ó fi sí abẹ́ òrùlé kan náà. Mahatma Gandhi ni ó ṣí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní 1921. Gandhi kò pọ́n wọn lásán lọ́jọ́ náà. Ó sọ fún wọn gbangba pé ẹ̀mí ìwádìí tí ó wà lára àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kò tó láàrin àwọn hakim àti vaidya.

Ajmal Khan náà fẹ́ ìwádìí. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni Salimuzzaman Siddiqui, ọ̀dọ́ onímọ̀ kẹ́mísírì tí ó kàwé ní Jámánì, tẹ̀lé tí ó fi bẹ̀rẹ̀ ilé ìwádìí kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Egbò sarpagandha, tí àwọn vaidya fi ń tọ́jú wèrè, ni ó gbé yẹ̀ wò. Ní 1931, ó yọ èròjà kan jáde nínú rẹ̀, ó sì pè é ní ajmaline láti fi bu ọlá fún Ajmal Khan. Àwọn dókítà ń lo èròjà yìí fún ọkàn tí lílù rẹ̀ kò bá tọ́. Ní 1949, Rustom Jal Vakil, dókítà kan ní Bombay, kọ ìròyìn lórí bí egbò náà ṣe ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Ní 1952, àwọn onímọ̀ ní Switzerland yọ reserpine nínú rẹ̀, ó sì di oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru káàkiri ayé. Ìbátan igi yìí ni asofẹ́yẹjẹ tí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá náà fi ń tọ́jú wèrè.

Kí ni ẹ̀kọ́ inú rẹ̀? Vaidya mọ egbò. Ilé ìwádìí mọ èròjà àti ìwọ̀n. Àwọn dókítà sì tún rí i pé bí ìwọ̀n reserpine bá pọ̀ jù, ó lè kó ìbànújẹ́ ńlá bá ọkàn ẹlòmíràn. Ohun tí ó lè wo ènìyàn sàn lè pa á lára.

Èyí ni ó mú mi dé orí ewu tí mo fẹ́ kìlọ̀ fún yín.

Èkíní ni ìfipamọ́. Bí ẹlẹ́jẹ̀ ríru bá ń lo oògùn dókítà, tí ó sì ń mu sarpagandha níkọ̀kọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù, kí òòyì kọ́ ọ, kí ó ṣubú. Bí ó bá jẹ́ yashtimadhu ni, egbò dídùn tí wọ́n ń lò fún ikọ́, òun a máa gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Dókítà yóò kàn máa fi oògùn kún oògùn ni. Karela, tí àwa ń pè ní ejìnrìn, a máa dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù. Bí alátọ̀gbẹ bá lò ó mọ́ oògùn rẹ̀, ṣúgà lè lọ sílẹ̀ dé ibi ìdákú.

Èkejì ni àwọn oògùn tí irin olóró wà nínú wọn. Ní 2004, àwọn oníwàádìí ṣàyẹ̀wò oògùn Ayurveda 70 tí wọ́n rà ní àwọn ṣọ́ọ̀bù agbègbè Boston ní Amẹ́ríkà. Nínú 14, wọ́n bá òjé, mẹ́kúrì tàbí ásẹ́níkì. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ìdádúró. Àyà ríro òjijì, ikọ́ ẹ̀gbẹ àti jẹjẹrẹ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Kí ló dé tí aláìsàn fi ń fi oògùn pamọ́? Ìtìjú ni, àti ìbẹ̀rù ìbáwí. Dókítà tí ó bá ń fi oògùn ìbílẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ni ó ń kọ́ aláìsàn ní irọ́ pípa. Oníṣègùn ìbílẹ̀ tí ó bá ní kí a ju oògùn dókítà nù náà ń ṣe ibi. Ẹ̀bi náà kárí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, nọ́ọ̀sì tàbí apoògùn, ẹ máa fi ọ̀wọ̀ bèèrè pé, “Mọ́mì, kí ni ẹ tún ń lò nílé?” Ẹ̀yin tí òbí yín ń lo oògùn méjèèjì, ẹ gbé ìgò àti egbò náà dání lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá oògùn dókítà dúró láìsọ fún un. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún ni ọwọ́ fi ń mọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí a bá fi pamọ́ sẹ́yìn, ta ni yóò wẹ̀ ẹ́? Kí Allāhu fún wa ní ìlera àti ọgbọ́n láti tọ́jú rẹ̀. Àmín.