Ọ̀rọ̀ àárọ̀ yìí: Ìpéǹpéjú tó ń yún, ẹ má fi tìróò wò ó

Ẹ̀yin ará ilé tí a jọ wà ní Minna o. Admin yín ni.

Ó ju ẹni mẹ́ta lọ tó ti bi mí lọ́sẹ̀ yìí pé, "Àǹtí, ìpéǹpéjú ń yún mi, kí ni kí n lò?" Ó ṣe èmi náà lọ́yẹ́ èṣí. Mo wọn ata gbígbẹ tán, mo fi ọwọ́ yẹn nu òógùn ojú. Bó ṣe ń yún mi, tìróò ni mo lé, wọ́n ní ó ń mú ojú tutù. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ojú wú, ìpin lẹ̀ ẹ́ pa. Ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò fi lè ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Kí ló ń fà á? Eruku ọyẹ́, ata, ọṣẹ olóòórùn, àtíkè, gọ́ọ̀mù irun ojú. Nígbà míì, ọ̀rá ló dí etí ìpéǹpéjú, tó ń yọ èépá.

Nílé, ẹ kọ́kọ́ fọ ọwọ́. Ẹ rẹ aṣọ mímọ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fún un, ẹ gbé e lé ojú tí ẹ pa dé fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, láàárọ̀ àti lálẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òwú àti omi tí ẹ sè tó ti tutù nu ìdí irun ìpéǹpéjú. Òwú tó nu ọ̀tún kò gbọdọ̀ nu òsì. Ẹ má họ ọ́. Ẹ má jọ lo táwẹ́ẹ̀lì. Ẹ fi àtíkè àti lílé ojú sílẹ̀ ná.

Tìróò ńkọ́, tí àwọn Hausa ń pè ní kwalli? Òjé ló pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀. Ní 2011, ní Boston l'Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ Nàìjíríà kan, ọmọ oṣù mẹ́fà. Tìróò tí wọ́n rà nílé níbí ni wọ́n ń lé fún un. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, òjé inú ẹ̀ ju 80 lọ nínú 100. Òjé yìí kan náà, láti ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù, ló pa ọmọdé 28 ní Rafi, ní Niger State wa níbí, ní 2015. Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ má kán omi ọmú tàbí ìtọ̀ sójú. Ẹ má sì dá oògùn ojú rà ní kẹ́míìsì. Èyí tó ní dexamethasone lè mú yíyún lọ kíá, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń kán an lọ láìsí dókítà, ó lè fọ́ ojú.

Tí ojú bá ń dùn yín, tí ẹ ò ríran dáadáa, tí ẹ ò lè wo ìmọ́lẹ̀, tàbí tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí kò lọ, ẹ gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ yẹn.

Ojú lọba ara. Òun la fi ń mọ ayédèrú owó. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó ju voice note sílẹ̀. Ọjà á tà o.